Magasíìnì géèmù adventure wa: ṣé ojútùú látòkèdélẹ̀ la ó máa tẹ̀, àbí ká kàn máa tani lólobó?

OlóòtúKubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa l'Ábújá àti gbogbo Òkè Ọya.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àwa mẹ́ta la ń ṣe magasíìnì kékeré kan ní èdè Yorùbá lórí géèmù adventure. Géèmù tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti ìbọn yíyìn. Ìtàn ni. Wàá máa rìn kiri inú ìtàn náà, wàá máa bá àwọn èèyàn ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wàá máa ṣa nǹkan sápò, wàá sì máa tú àdììtú kí ọ̀nà tó kàn tó là fún ọ. Ìwé wa kò tóbi. Bébà A4 la ká sí méjì, a fi pín gún un láàárín. Àwọn tó wà nítòsí ń gbà á lọ́wọ́ wa, àwọn ti Kaduna àti Jos ń gbà á nípasẹ̀ awakọ̀ láti gáréèjì, àwọn yòókù ń gba PDF lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí wa ń bèèrè ohun kan náà: kí a tẹ ojútùú géèmù kọ̀ọ̀kan látòkèdélẹ̀. Mú èyí, gbé e síbẹ̀, yà sọ́tùn-ún, ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn méjì tá a jọ ń ṣe é gbà pé ká ṣe bẹ́ẹ̀, torí òun ni yóò mú ìwé tà. Ọkàn mi kò gbà á. Tí a bá ti tú gbogbo rẹ̀ fún ẹni, kí ló kù tó fi máa jókòó ti géèmù náà? Irú ojútùú bẹ́ẹ̀ sì kún YouTube fọ́fọ́. Ohun tí ìwé kékeré lè ṣe tí fídíò kò lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí i, kí inú rẹ̀ sì dùn pé òun ló rí i.

Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín kí a tó bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń bọ̀.

Kakuri_Kaduna

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, èmi wà lára àwọn tó kọ̀wé pé kí ẹ tẹ ojútùú, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Iná kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Tí mo bá ṣí laptop, ohun tó wà nínú bátìrì ni mo ní. Tí mo bá há síbì kan nínú géèmù, tí mo ń yí ká yàrá mẹ́ta kan náà, bátìrì á tán kí n tó rí nǹkan kan. Bó bá dọ̀la, ohun tí mo ti dán wò lánàá ni maá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò. Báyìí ni mo ṣe pa ọ̀pọ̀ géèmù tó dára tì. Fídíò tí ẹ ní ó wà lórí YouTube, dátà ló ń jẹ, tèèyàn bá sì ń wá ibi kan ṣoṣo nínú rẹ̀, á ti rí ohun méjì mẹ́ta tí kò fẹ́ rí kó tó débẹ̀. Ìwé kì í jẹ dátà, kì í jẹ iná. Mo lè kà á nínú kèkè.

Ìtanilólobó dáa o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rẹ̀, tó kàn fẹ́ kọjá ibẹ̀ kí ìtàn máa lọ, kí ni ẹ máa ṣe fún un?

BàbáBukuru

Kakuri, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ kò ṣeé gbé jù sẹ́yìn. Olóòtú wa náà kò sì jẹ̀bi. Ìjà yìí ti pẹ́ láyé, àwọn tó kọ́kọ́ jà á sì rí ọ̀nà kan gbà.

Géèmù Colossal Cave Adventure ni baba gbogbo wọn. Will Crowther ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà láàárín 1975 sí 1976, ihò àpáta gidi kan tó ń jẹ́ Mammoth Cave ní Kentucky ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Don Woods fi kún un ní 1977. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wàá kà, ọ̀rọ̀ ni wàá tẹ̀. Láti ìgbà náà làwọn èèyàn ti ń há.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Infocom gbé géèmù Zork jáde fún kọ̀ǹpútà inú ilé ní 1980, àwọn tó há tí wọ́n ń wá ìrànlọ́wọ́ pọ̀ débi pé Mike Dornbrook dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa dá wọn lóhùn. Láti ibẹ̀ ni InvisiClues ti jáde. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Wọ́n to ìbéèrè síbẹ̀, wọ́n sì to ìdáhùn sábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àmọ́ yíǹkì tí ojú kò lè rí ni wọ́n fi tẹ ìdáhùn. Máákà kan bá ìwé náà wá. Tó o bá fi ra ìlà àkọ́kọ́, olobó díẹ̀ á yọ. Bí ìyẹn kò bá tó, o ra ìlà kejì, á là á síi. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń sọ gbogbo rẹ̀ láìfi bò.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gidi. Wọ́n máa ń fi ìbéèrè ayédèrú sáàárín, ìbéèrè lórí ohun tí kò sí nínú géèmù náà rárá, kí ẹni tó bá kàn ń fojú wo àwọn ìbéèrè má baà tibẹ̀ mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú. (Ìwé ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ náà ń fi ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà rẹ̀ ń jẹ́ The New Zork Times. Ìgbà tí New York Times fárígá ni wọ́n yí i sí The Status Line. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ magasíìnì lórúkọ, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.)

Bí a ti ń ṣe tí a bá pa àlọ́ àpamọ̀ fún ọmọdé náà nìyẹn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, a ó ní ó wà nínú ilé yìí. Bí kò bá tún mọ̀ ọ́n, a ó ní ó wà lókè orí rẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń sọ ọ́. Ẹ tẹ ojútùú náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó gun àkàsọ̀ wá.

ỌmọSabonGari

Bàbá, ẹ ṣeun. Yíǹkì yẹn la ò ní níbí, báwo la ṣe máa bo ìlà tó kẹ́yìn tí ojú ò fi ní ṣèèṣì bọ́ sórí rẹ̀?

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì láyé àtijọ́ máa ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní ROT13. Wọ́n á ti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní ipò 13. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26, nítorí náà tó o bá tún tì í ní 13, o ti padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Tiwa jẹ́ 25, kò ṣeé pín sọ́nà méjì dọ́gba, ROT13 kò lè bá a mu.

Ohun tí mo ń lò nínú ìwé mi nìyí: mo fi lẹ́tà àkọ́kọ́ so mọ́ ti ìkẹyìn, èkejì mọ́ èyí tó ṣáájú ìkẹyìn, títí tí wọ́n fi pàdé láàárín.

a–y, b–w, d–u, e–t, ẹ–ṣ, f–s, g–r, gb–p, h–ọ, i–o, j–n, k–m. L ló wà láàárín gan-an, l ló dúró fún l.

Tó o bá fẹ́ kọ bàtà, wàá kọ wyey. Ìwé á di obt. Ọ̀nà kan náà ni wàá fi tú u, kò sí pé o ń ṣe ìṣirò. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò nínú èyí tí ẹ bá fi pamọ́, ẹni tó ń tú u á mọ ohun tí ẹ ń sọ látinú gbólóhùn. Gb tó jẹ́ lẹ́tà kan kò ní da nǹkan rú, torí p ló máa dà; g àti b lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á di r àti w, r àti w kì í sì tẹ̀ lé ara wọn nínú ọ̀rọ̀ wa. Táábù yẹn kò gbà ju igun ojú ìwé kan lọ, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé nígbà gbogbo.

Atẹ̀wéUtako

Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí apá tó kàn mí.

Ìwé tí ẹ bá fẹ́ fi pín gún láàárín, iye ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín. 16, 20, 24. Bí ọ̀rọ̀ yín bá parí sí ojú ìwé 21, mẹ́ta á ṣófo. Mo ń rí i lójoojúmọ́ káwọn oníwèé máa kó ìpolówó tí kò nítumọ̀ sí àlàfo bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi ìtanilólobó yín sí, torí òun ló ṣeé gé kúrú tàbí kí ẹ fà gùn láìba nǹkan jẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín sórí ẹ̀rọ aláwo nígbà tí ẹ̀dà yín kò pọ̀. Awo ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, owó awo kan náà ni ẹ máa san yálà ẹ tẹ díẹ̀ tàbí ẹ tẹ rẹpẹtẹ. Fún ẹ̀dà tí kò tó ọgọ́rùn-ún méjì mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ tààrà látinú kọ̀ǹpútà ló sàn. Bí wọ́n bá sì tún bèèrè, ẹ lè tẹ mẹ́wàá péré síi.

Àmì ohùn ni wàhálà tó tóbi jù. Ẹ tàbí ọ tó ní ohùn lórí, irú ẹ́ tàbí ọ̀, kò ní àmì kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa mú, á wá gbé ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe á gbé ohùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí ṣófo dípò rẹ̀. Bí ẹ bá gbé fáìlì Word wá fún ilé ìtẹ̀wé, tí wọ́n ṣí i nínú sọ́fítíwià CorelDRAW pẹ̀lú fọ́ǹtì mìíràn, gbogbo iṣẹ́ yín ti bàjẹ́ nìyẹn. PDF tí fọ́ǹtì ti wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbé wá, kí ẹ sì dúró ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Scribus, sọ́fítíwià tí a fi ń to ojú ìwé, máa ń ṣe é dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ibí á gbẹ débi pé bébà á máa lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ á máa fa méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí bébà yín wà nínú ọ̀rá rẹ̀ títí ìgbà tí wọ́n fẹ́ lò ó.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà àṣírí, títẹ ìlà kan dorí kodò kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Tunga_Minna

Mo fara mọ́ àkàsọ̀ tí Bàbá sọ, àmọ́ àwọn àdììtú kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ fi ìtanilólobó há ẹnikẹ́ni mọ́. Nínú Monkey Island 2 tó jáde ní 1991, ibì kan wà tó o ti máa mú ọ̀bọ, kó o fi ṣe sípánà láti yí ẹ̀rọ omi kan. Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ irú sípánà kan báyìí lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ní "ọ̀bọ" nínú. Ẹni tó dàgbà sí Minna, tó ń gbọ́ sípánà látọmọdé, báwo ló ṣe máa mọ ìyẹn? Ó lè ronú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kì í ṣe àìlọ́gbọ́n.

Irú ibẹ̀ yẹn, ẹ sọ ìdáhùn pẹ̀lú àlàyé, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀bi géèmù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gabriel Knight 3 ní 1999, níbi tí wọ́n ti ní kó o fi irun ológbò ṣe irun imú kó o lè fi jọ ẹlòmíì. Àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì látọmọdé pàápàá kò lè tú u. Èmi gbà pé iṣẹ́ magasíìnì ni láti pààlà sáàárín àdììtú tó le àti àdììtú tí wọn kò ṣe dáadáa. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ máa sọ òótọ́ fóun, á ní sùúrù níbi tí ẹ bá ti ní kó ní sùúrù.

ÌyáÌbejì_Lugbe

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ dákun, géèmù wo gan-an lẹ máa sọ̀rọ̀ lé lórí? Magasíìnì tó bá ń yin ohun tí èèyàn kò lè rí gbá, ìrora ló ń dá sílẹ̀. Ìyẹn ló sì ń mú káwọn ọmọ máa ra fíláàṣì tí wọ́n kó géèmù ayédèrú sí, tí fáírọ́ọ̀sì sì kún inú rẹ̀.

Lórí fóònù Android lásán ni èmi àtàwọn ọmọ mi ti ń gbá tiwa. Sọ́fítíwià kan wà tó ń jẹ́ ScummVM, ọ̀fẹ́ ni, láti 2001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ òde òní. Lórí ìkànnì ScummVM fúnra rẹ̀ ni àwọn géèmù tí àwọn tó ni ín ti yọ̀ǹda wà. Beneath a Steel Sky, tí Revolution Software ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1994, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2003. Flight of the Amazon Queen náà di ọ̀fẹ́ ní 2004. Fún ẹni tó fẹ́ràn èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, ìdíje Interactive Fiction Competition ti ń wáyé lọ́dọọdún láti 1995, géèmù ibẹ̀ kò wọ́n, kò wúwo, dátà táṣẹ́rẹ́ ló máa gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ẹ fi èyí tí gbogbo èèyàn lè rí ṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn tán, ẹ lè sọ ti olówó.

Ó tún ku kan. Twine, sọ́fítíwià tí a fi ń ṣe géèmù ọ̀rọ̀, tí Chris Klimas gbé jáde ní 2009, fáìlì kan ṣoṣo ló máa ń fún èèyàn, bùráúsà ló sì ń ṣí i, nítorí náà àmì ohùn Yorùbá máa ń yọ dáadáa níbẹ̀. Àwọn ìbejì mi ti fi ṣe géèmù kékeré lórí ẹni tó sọ owó nù ní ọjà Wuse. Ṣé ẹ máa bá wa fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú PDF yín lórí WhatsApp?

Garki_Àgbà

Ọ̀rọ̀ òfin ni tèmi, kò gùn. Òfin Copyright Act 2022 gba yín láyè láti lo díẹ̀ lára iṣẹ́ ẹlòmíì fún àríwísí àti àgbéyẹ̀wò, bí ẹ bá ti dárúkọ ẹni tó ni ín. Àwòrán kan tàbí méjì látinú géèmù tí ẹ ń ṣàgbéyẹ̀wò, kò sí wàhálà. Ìwé àwòrán tí Dave Gibbons yà fún Beneath a Steel Sky, tí ẹ bá fẹ́ tẹ gbogbo rẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní àgbéyẹ̀wò.

Bí ẹ bá ti ń jáde déédéé, ẹ lọ gba ISSN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún ìwé tó ń jáde déédéé, ní National Library of Nigeria. Ilé-iṣẹ́ wọn wà níbí l'Ábújá, ó rọrùn fún yín ju àwọn tó wà lókèèrè lọ. Òfin National Library ti 1970 sì béèrè ẹ̀dà mẹ́ta ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé fúnra rẹ̀. Ẹ fún wọn. Magasíìnì géèmù tó wà ní Yorùbá, ó yẹ kí ọmọ tí a kò tíì bí lè rí i kà níbẹ̀.

OlóòtúKubwa

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò. Mo ti bá àwọn méjì yòókù sọ ọ́, a sì ti fẹnu kò lórí àkàsọ̀ Bàbá Bukuru. Ojútùú á wà níbẹ̀, ìlà rẹ̀ tó kẹ́yìn á sì wà ní lẹ́tà àṣírí ti Sabon Gari. Àwọn irú ibi tí Tunga dárúkọ, a ó sọ wọ́n gbangba.

Mo ti kọ ọ̀kan, lórí Beneath a Steel Sky, torí pé gbogbo wa lè rí i gbá. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbẹ̀rẹ̀ géèmù ni, kò ba ìtàn jẹ́.

Ìbéèrè: Mo wà nínú ilé-iṣẹ́ yìí, mo dá wà, wọ́n sì ń wá mi. Ta ni yóò ràn mí lọ́wọ́?
Ìlà 1: Ẹ yẹ àpò Foster, ẹni tí ẹ ń darí nínú géèmù, wò. Kò wọ ìlú yìí lọ́wọ́ òfo.
Ìlà 2: Joey, ọ̀rẹ́ Foster, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ọpọlọ Joey pé, ara ni kò ní.
Ìlà 3: Róbọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ti pa tì wà láàárín pàǹtírí nínú ilé-iṣẹ́ náà.
Ìlà 4: So Nita fo ygy giwhheo jyy.

Kakuri_Kaduna

Àǹtí, mo ti gbé géèmù náà sọ̀kalẹ̀ látorí ìkànnì tí Ìyá Ìbejì sọ, ibẹ̀ gan-an ni mo sì há sí. Mo fi ọwọ́ bo ìlà ìsàlẹ̀, mo ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà kejì ló ṣe é fún mi. Bí mo ṣe kà á pé kò ní ara, mo rántí pé mo ti rí róbọ́ọ̀tì yẹn nílẹ̀ tí mo kọjá lára rẹ̀. Mo pariwo débi pé ẹ̀gbọ́n mi yọjú wá wò mí. Mo ti fara mọ́ ọn báyìí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ látòkèdélẹ̀ mọ́.

Ìlà kẹta nìkan ni mo ní ọ̀rọ̀ sí. Láti èkejì sí ẹ̀kẹta, ẹ fò jù. Tó bá jẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé "kí lẹ ti rí nílẹ̀ tí ẹ kọjá lára rẹ̀?", kí ẹ tó dárúkọ róbọ́ọ̀tì, á dáa.

BàbáBukuru

Òótọ́ ló sọ. Ẹ fi ìlà yẹn kún un. Ẹ má sì gbàgbé ìbéèrè ayédèrú, ó kéré tán ọ̀kan lójú ìwé kọ̀ọ̀kan.

OlóòtúKubwa

Mo ti fi í kún un, ó ti di ìlà márùn-ún. Kakuri, ìwọ ni maá máa kọ́kọ́ fi ìtanilólobó ránṣẹ́ sí kó tó wọ ìwé, bó o bá gbà. Ẹni tí kò tíì mọ ìdáhùn nìkan ló lè sọ ibi tí àkàsọ̀ ti jìn síra.

Ìwé tó ń bọ̀ á jẹ́ ojú ìwé 20. Ìyá Ìbejì, ẹ fi fáìlì Twine àwọn ọmọ ránṣẹ́, ó ń bá PDF lọ, a ó sì tẹ ojú ìwé kan lórí bí wọ́n ṣe ṣe é. Tunga, mo fẹ́ kí ẹ bá wa kọ ti ọ̀bọ àti sípánà yẹn, kó má ju ojú ìwé méjì lọ. Ẹ̀gbọ́n Utako, maá gbé PDF wá fúnra mi, maá sì dúró ka ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ti Kaduna, Jos, Minna àti Kano, ẹ fi orúkọ gáréèjì tó sún mọ́ yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ kí n lè mọ awakọ̀ tí maá fi lé lọ́wọ́.